Ẹni Mẹ́rin Ló Sáré, Ẹnìkan Ló Lo Oògùn

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìje wa tí wọ́n lo oògùn tí òfin kọ̀ ni mo fi òwe yìí ṣí lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn tí kò rí oorun sùn ni mo sì fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó kan ẹni tó jẹ kòkòrò.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, ní ìlú Birmingham, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà mẹ́rin gba wúrà ní ìdíje Commonwealth nínú eré ọ̀pá, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́rin máa ń sá, tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Tobi Amusan, Favour Ofili, Rosemary Chukwuma àti Grace Nwokocha ni wọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá 42.10 ni wọ́n fi sá a; kò sí ikọ̀ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kankan tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba wúrà nínú eré fífo igi lọ́jọ́ kan náà. Ní Arámọkọ níbí, ariwo ayọ̀ gba àdúgbò kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé ostarine àti ligandrol wà nínú ara Nwokocha. Oògùn tí ń mú kí iṣan ara nípọn, kí ó sì lágbára, ni méjèèjì. Wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 3. Ṣùgbọ́n ìyà náà kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Nínú eré ọ̀pá, bí oògùn bá wà nínú ara ẹnìkan, èsì gbogbo ikọ̀ ti di òfo. Wọ́n gba wúrà kúrò lọ́rùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fi fún ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mẹ́ta pàdánù ohun tí wọ́n fi òógùn ojú wọn wá, nítorí oògùn tí wọn kò fẹnu kàn.

Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà, Ofili àti Chukwuma, ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2021, ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, wọ́n wà lára àwọn eléré ìje Nàìjíríà 10 tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kópa. A kò bá oògùn lára wọn. Òfin ni pé kí a ti yẹ eléré ìje wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 10 ṣáájú ìdíje, láìkéde fún un tẹ́lẹ̀; ètò tí ilé ṣe lórí èyí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn ọmọ náà gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn ní Tokyo, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Annette Echikunwoke tí ń ju òòlù, ti di eléré ìje Amẹ́ríkà. Ní Paris lọ́dún 2024, ó gba fàdákà fún wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ní Tokyo ni ọ̀rọ̀ Blessing Okagbare bú jáde. Ta ni kò mọ Okagbare, ọmọ Sapele? Ó gba fàdákà àti idẹ ní ìdíje àgbáyé ti Moscow lọ́dún 2013. Ó gba wúrà mítà 100 àti ti 200 ní Glasgow lọ́dún 2014. Ní ilé-ìwé kan ní Ìjerò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ki ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù lọ ní ọjọ́ ìdíje. Ó borí nínú ìpele kìn-ín-ní ní Tokyo, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ì bá sá ìpele tó kàn ni wọ́n dá a dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 10: ọdún 5 nítorí oògùn tó ju ẹyọ kan lọ, ọdún 5 nítorí pé ó kọ̀ láti bá àwọn olùwádìí fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọ́n tún fi ọdún kan kún un lẹ́yìn náà. Okagbare nìkan kọ́ ló sì dá ìṣòro náà sílẹ̀. Eric Lira, ọkùnrin ará Texas tó bá a wá oògùn, jẹ́wọ́ ẹ̀bi níwájú ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún 2023.

Ní ilé-ìwé tí mo wí yẹn, oríkì ti di èébú. Bí ọmọbìnrin kan bá sáré borí, wọ́n á ní, "Okagbare, ṣé o ti mu tìrẹ lónìí?" Ọmọ tí kò mọ àwọ̀ oògùn náà ń san gbèsè tí kò jẹ.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Arámọkọ, àwọn ọ̀dọ́ méjì bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn òyìnbó ni kò fẹ́ kí dúdú gba nǹkan kan." Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn ló ń lò ó, tiwa ni wọ́n kàn rí mú."

Mo bi èkínní bóyá ó mọ Sunday Bada. Ní Sydney lọ́dún 2000, Bada, Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong ṣe ipò kejì sí Amẹ́ríkà nínú àṣekágbá eré ọ̀pá ti mítà 400. Ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ pé òun ti lo oògùn. Ó di oṣù Keje ọdún 2012 kí wọ́n tó kéde pé Nàìjíríà ló ni wúrà. Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Òfin kan náà ló sọ idẹ tí àwọn obìnrin wa gbà nínú eré ọ̀pá ní Beijing lọ́dún 2008 di fàdákà, nígbà tí wọ́n rí oògùn lára ọmọ Rọ́ṣíà kan. Okagbare fúnra rẹ̀ jàǹfààní nínú rẹ̀: idẹ tó gbà nínú fífò jìnnà ní Beijing di fàdákà nítorí pé ará Rọ́ṣíà tó ṣe ipò kejì ti lo oògùn. A kò lè jó nígbà tí òfin gbè wá, kí a wá pè é ní ọ̀tá nígbà tó mú wa.

Mo sọ fún èkejì pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló burú jù. Ẹni tó bá ní gbogbo wọn ló ń lò ó ti dá ẹ̀bi fún àwọn tí ara wọn mọ́, ó sì ti dá olóògùn sílẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Amusan pé àwọn aláyẹ̀wò wá a tì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn kò sọ pé oògùn wà lára rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹnu ti pè é ní ọ̀dàlẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó dá a láre ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé náà dá a láre lọ́dún 2024. Ojú tí a bá fi wo gbogbo wọn ní olè kò lè rí aláìṣẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ilẹ̀ iyì ni à ń pe ìpínlẹ̀ wa. N kò ní kí ẹ má fẹ́ràn akọni mọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí akọni bá ṣubú, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹni tí wọ́n jọ gbé ọ̀pá, ẹni tó ṣe ipò kejì tí ì bá ṣe èkínní, ẹni tó ti kú kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó dé. Àwọn ni a jẹ ní gbèsè àánú wa àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò tí a fi èrú yege: ọmọ ẹlòmíràn kan wà nílé tí àyè rẹ̀ ti lọ.

Ẹ má sì gbàgbé àárín òwe wa: tí a kò bá sọ fún un. Bí kóòṣì kan ní ìlú yín bá ń fún ọmọ ní hóró oògùn tí kò lè dárúkọ, ẹ bi í léèrè níwájú òbí rẹ̀. Bí àbúrò yín bá ń sáré, ẹ sọ fún un lónìí pé ipò kẹrin tí ó fi ara rẹ̀ gbà tó ohun tí a ń gbé relé. Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó ṣú.