Búlọ́ọ̀kù Tó Là Kò Tíì Kú

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹnu àwọn tó ń parí ìjà tọkọtaya la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, tàbí lẹ́nu ẹni tó ń bẹ ọ̀gá pé kó má tìtorí àṣìṣe kan ṣoṣo lé ọmọọṣẹ́ dànù. Irin ni mo fẹ́ fi yẹ òwe náà wò lónìí: búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì Corvette, ọkọ̀ asáré tí iléeṣẹ́ Chevrolet ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1953.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọdún 1967. Ọkọ̀ 22,940 ni wọ́n ṣe lọ́dún náà ní ìlú St. Louis. Níwájú ẹ́ńjìnnì wọn, lápá ọ̀tún, irin pẹlẹbẹ kékeré kan yọ díẹ̀ síwájú ibi tí tọ́pù jókòó sí. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì ni wọ́n lù sí i lára. Ọ̀kan ń sọ ibi tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì náà (V ni ti Flint, T ni ti Tonawanda), oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n tò ó, àti irú èyí tó jẹ́. Èkejì, ara nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Bí èkejì yìí bá bá ti ara ọkọ̀ mu, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí ọkọ̀ náà mọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá mu, owó ọkọ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ 20 péré ló gba ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní L88 lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá sọ búlọ́ọ̀kù irú ìyẹn nù ti sọ dúkìá nù.

Mẹkáníìkì ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa á rò pé orí wa ò pé. Ṣé búlọ́ọ̀kù là? Ẹ lọ ra tòkunbọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ ọkọ̀ ti ń lọ. Bó bá jẹ́ Corolla tí ẹ fi ń wá jíjẹ mímu ni, òótọ́ ló sọ, mi ò ní bá a jiyàn.

Irin tí wọ́n yọ́ dà ni búlọ́ọ̀kù yìí. Ó le, àmọ́ kò mọ títẹ̀. Omi tó ń tù ú lára gan-an ló sì lè ṣekú pa á. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú, bí olówó ọkọ̀ bá gbé e sílẹ̀ nígbà òtútù láìbu oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sí i, omi á dì sínú ẹ́ńjìnnì, á sì fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Irin ò ní àyè tó máa fún un, ló bá là.

Kí wọ́n tó wò ó sàn, wọ́n á kọ́kọ́ wá ojú ọgbẹ́. Wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì sára irin, wọ́n á wá wọ́n lẹ́búlẹ́bú irin lé e lórí. Lẹ́búlẹ́bú náà á sáré tò sójú ibi tó là, ìlà tí ojú lásán ò rí á sì hàn gbangba. Wẹ́dà tó bá kù gììrì gbé iná lé irú irin bẹ́ẹ̀ á dá kún un ni, torí pé ibi tó gbóná àti ibi tó tutù kì í fà bákan náà. Á tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe lè má fi iná kàn án rárá. Wọ́n á lu ihò sójú ìlà náà, wọ́n á yí skúrúù kan wọnú rẹ̀, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á tún lu ihò mìíràn tó jẹ díẹ̀ lára ti ìṣáájú, báyìí báyìí títí skúrúù á fi wọnú skúrúù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dópin. Bó bá jẹ́ inú sìlíńdà ló là, wọ́n á gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n á sì ti sílíìfù tuntun bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, owó rẹ̀ sì lè ju ti búlọ́ọ̀kù mìíràn lọ.

Àpẹẹrẹ òwe yìí tó wù mí jù nínú ìtàn Corvette, orí pápá ìje ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1960, Briggs Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ní ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìje, kó Corvette mẹ́ta lọ sí Le Mans nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí 24 sáré. Omi inú èyí tí John Fitch àti Bob Grossman jọ ń wà dín kù, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, òfin ìje ò sì gbà kí wọ́n bu omi sí i nígbà tó wù wọ́n. Ni àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ bá lọ kó yìnyín. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọlé báyìí, wọ́n á kó yìnyín lé ẹ́ńjìnnì. Orí ń gbóná, ẹ fi nǹkan tútù sí i; ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà parí ìje sípò kẹjọ, òun ló sì ṣe ipò kìn-ín-ní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ orí bíbẹ́ kan wà tí kò jọ bíbẹ́. Bí ojú búlọ́ọ̀kù bá ti wọ́, onímááṣìn á fá a kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè jókòó dáadáa. Irin pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ àti ojú tí wọ́n ń fá yìí, ọgbọọgba ni wọ́n ṣe. Mááṣìn gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà ti lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ikú, wọ́n wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí: kí olówó ọkọ̀ fi ìka han onímááṣìn níbi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Ọ̀jáfáfá nínú wọn mọ bí wọ́n ṣe ń dá mááṣìn dúró kó tó débẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n á ní kò burú, wọ́n á lọ lu nọ́ńbà mìíràn sí i. Irọ́ ni, ó sì ṣòro bò. Mááṣìn tí iléeṣẹ́ fi gé irin náà máa ń fi àwọn ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lára rẹ̀, tó tò láti iwájú sẹ́yìn. Àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ National Corvette Restoration Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, mọ̀ ọ́n wá. Wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tèmi, búlọ́ọ̀kù tí kò ní nọ́ńbà, tí olówó rẹ̀ jẹ́wọ́, sàn ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń purọ́.

Òwe wa ò ní ká máa wo òkú sàn o. Orí fífọ́ ló wí. Bí kọ́nrọ́ọ̀dù bá já, tó gba ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù jáde, tó sì ba ibi tí kíráńkì jókòó sí jẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti yìnyín. Ọ̀pọ̀ Corvette tí wọ́n fi sáré ìje láyé ọjọ́un ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sì sẹ́ni tó ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀.

Àárín méjèèjì ni ọgbọ́n tí mo fara mọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ rẹ̀ sáré, kó wá búlọ́ọ̀kù irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, kó fi ìyẹn máa sáré. Kó fọ ti àkọ́kọ́, kó fi ọ́ìlì pa á kó má dípẹtà, kó gbé e síbi tí ọ̀rinrin ò ní dé. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, kó kọ ọ́ sínú ìwé títà pé ti inú ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n bí i mọ́, pé èyí tí wọ́n bí i mọ́ wà nílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹni tó rà á kó méjèèjì lọ.