Ẹni Tó Ni Eré Ni Kó Ni Ilẹ̀

Ìròmi tó ń jó lójú omi, àwọn àgbà ní onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré orí ìtàgé rí. Ẹni tó ń jó là ń wò, ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín là ń pàtẹ́wọ́ fún. A kì í béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tí eré náà dúró lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní Ìkòsì àti ní gbogbo Kòsọ́fẹ́, bí àwọn ẹgbẹ́ tíátà àti àwọn àjọ aláàánú tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò bá ní ilẹ̀ tí òfin mọ̀ sí wọn, gbogbo àtẹ́wọ́ tí a ń pa fún wọn, àtẹ́wọ́ ìdágbére ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1944, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hubert Ògúnǹdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall, ní Èkó. Ìjọ Aládùúrà ní Èbúté-Mẹ́ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó ìwòran ṣe? Wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìjọsìn ni. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí tíátà wa ti dáyé ló ti ń wá owó òrùlé fún ẹlòmíràn! Òun fúnra rẹ̀ wá di alárìnkiri. Ọdún lé ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò fi ń ti gbọ̀ngàn ilé ìwé bọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n ń ti àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń sanwó fún onílé kí wọ́n tó rí tiwọn jẹ.

Ẹni tó ní ibi tirẹ̀ yàtọ̀. Dúró Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Ní 1962, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ibẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ti kọ́ àwòrán yíyà, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré ti ń fi ara balẹ̀ dánra wò. Nígbà tó fi máa di 1964, wọ́n ti gbé Ọba Kò So dé Berlin. Mi ò sọ pé ilẹ̀ ló kọ eré náà. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí onílé kò lè lé jáde lóṣù tó ń bọ̀ ló lè jókòó ronú eré tó máa pẹ́.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ńkọ́? Ní Kẹ́ńyà, àwọn ará abúlé Kamĩrĩĩthũ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ìtàgé ìta gbangba ní 1977, Ngũgĩ wa Thiong'o sì wà lára àwọn tó kọ eré tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ìjọba fòfin de eré náà. Ní 1982 àwọn ọlọ́pàá wá wó ìtàgé náà palẹ̀. Ní Gánà, Efua Sutherland dá ilé eré sílẹ̀ ní Accra ní 1961. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ tiwọn, orí ilẹ̀ ilé eré yẹn gan-an ni wọ́n mú, wọ́n wó o, wọ́n sì lọ kọ́ irú rẹ̀ sí Yunifásítì ní Legon. Níbí pẹ̀lú, ní oṣù Kínní ọdún 2016, kátápílà wó ọgbà àwọn òṣèré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ ní Ìgànmú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń dánra wò, ibẹ̀ ni ẹrù wọn wà. Ẹ kíyè sí i: tíátà ló wó tíátà ní Accra, ẹ̀bá tíátà náà ni wọ́n ti wó ọgbà òṣèré ní Ìgànmú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìfẹ́ àṣà ló máa gbà wá. Ìwé ló ń gba ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, tó wà nínú Kòsọ́fẹ́ wa yìí, ni àwọn ọ̀dọ́ oníjó àti onítíátà ti ń ṣe àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Slum Party. Òpópónà ni ìtàgé wọn, iwájú ilé ni àga àwọn òǹwòran. Ní 2025, kátápílà ìjọba wọ Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Ìjọba ní àwọn ilé náà kò bá òfin mu. Àwọn olùgbé gba kóòtù lọ. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ì báà sọ nípa ẹjọ́ náà, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa ará Ìkòsì: bí àdúgbò bá fọ́n ká, eré rẹ̀ náà fọ́n ká. Òṣèré á kó lọ sí Ìkòròdú, onílù á kó lọ sí Ìbàfò, àwọn tó ń wòran ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí owó gbà-má-bínú fún ìyẹn.

Òfin pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ó lè gbà á padà nítorí ànfààní gbogbogbòò. Bó bá gbà á, ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ tó fi ogún ọdún dánra wò nínú àgbàlá olóore kan kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Bó sì jẹ́ olóore náà ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ẹgbẹ́ kankan. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀.

Ta ló yẹ ká bá wí? Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́ ni ìjọba. Lásìkò Gómìnà Ambode, ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé ìṣeré mẹ́rin, ní Orégùn, Ìgàndó, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ó dára, Orégùn kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ilé ìjọba ni, àlejò la jẹ́ níbẹ̀. Ilé tí a ń háyà fún alẹ́ ọjọ́ kan kò lè jẹ́ ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá á ti máa kọ́ ìlù ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́.

Èkejì ni àwọn àjọ aláàánú. Wọ́n á dé pẹ̀lú bánà àti fáníìlà, wọ́n á fi oṣù mẹ́ta kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wọn lówó. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Yorùbá ní àgbàtán là á gbọ̀lẹ. Bí a bá dáṣọ fún un, à á pa á láró. Àjọ tó ń kọ́ ọmọ ní ijó, tí kò béèrè ibi tí ọmọ náà á ti jó lọ́dún tó ń bọ̀, kò tíì gbà á tán.

Ẹ̀kẹta ni àwa fúnra wa, èyí ló sì dùn mí jù. Nínú CDA wa, a máa ń dáwó ra tiransifọ́mà, a máa ń dáwó ṣe géètì àti kọ́fátì. Ṣùgbọ́n bí àyè kan bá ṣẹ́ kù ní àdúgbò, títà la máa ń rò. Bí a bá sì ra ilẹ̀ fún gbogbo ayé, orúkọ alága la máa ń kọ sórí ríṣíìtì. Ọjọ́ tí alága bá kú, ohun àjùmọ̀ní di ogún.

Àwọn kan á ní, ‘Tíátà kì í ṣe oúnjẹ. Gọ́tà la fẹ́.’ Ó yé mi. Bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí odò Ògùn kún, àwa tó wà ní Kétu àti Mile 12 la mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n níbo la ti máa ń pàdé kí omi tó dé? Níbo la ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ? Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lálẹ́ lè jẹ́ ibi ìpàdé, ibi lẹ́sìn àti ibi ààbò lọ́sàn-án. Eré tó wáyé níbẹ̀ sì lè mú kí ẹni tí kò ka ìwé ìkìlọ̀ ìjọba dẹ́kun dída ìdọ̀tí sí gọ́tà.

Àwọn mìíràn á ní, ‘Bí ẹ bá fún ẹgbẹ́ nílẹ̀, àwọn olórí á tà á.’ Òfin ti ronú kan ìyẹn. Lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, ẹgbẹ́ tí kò wá èrè lè forúkọ àwọn olùtọ́jú dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Ẹgbẹ́ náà á wá di ẹni kan lójú òfin; ó lè ni ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ikú alága kò sì lè pa á. Wọn ò gbọdọ̀ pín èrè rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá tú ká pàápàá, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni dúkìá tó ṣẹ́ kù yẹ kó lọ bá, kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe àlá. Ní Gánà kan náà, ní abúlé Ekumfi Atwia, àwọn ará ìlú bá Efua Sutherland pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé àlọ́ tiwọn láàárín àwọn ọdún 1960. Abúlé ni, kò tó Ìkòsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága LCDA Ìkòsì-Ìṣẹ́rí, ẹ ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ìwé tì í. Ẹ̀yin ìdílé onílẹ̀, púlọ́ọ̀tì kan péré tí ẹ bá fi ta ìlú lọ́rẹ, pẹ̀lú ìwé lóyà àti sọ́fè, á gbé orúkọ yín ju ogún púlọ́ọ̀tì tí ẹ tà lọ. Ẹ̀yin àjọ aláàánú, ẹ fi owó ilẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó ra fáníìlà. Ẹ̀yin òṣèré, ẹ lọ CAC kí ẹ tó gun orí ìtàgé.

Àtẹ́wọ́ dùn, ṣùgbọ́n kò ní sọ́fè. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá pè yín wá wo eré ní àdúgbò, ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sanwó. Bó bá parí, kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè ìbéèrè kan: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ yìí?