Ọ̀nà Oko Ló Ń Yan Táyà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì lásán, ṣùgbọ́n inú ilé wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ìyá mi ni ó sì já lé. Ọ̀rọ̀ táyà alùpùpù ni.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Ẹni tí ó bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí yóò mọ ìlú wa, bí kò tilẹ̀ mọ ohun mìíràn níbẹ̀ ju dòdò Ìkirè lọ, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rà, tí a pò mọ́ ata, tí a sì dín nínú epo pupa. Àpòmù kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀nà ọlọ́dà so ìlú méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa kò sí lẹ́bàá ọ̀dà. Bí ènìyàn bá ti yà kúrò ní títì, ilẹ̀ pupa ni yóò máa gbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Nígbà òjò, amọ̀ tí ń yọ̀ bí ilá ni. Ibì kan wà tí ọ̀nà náà ti da gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò kékeré kan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Láyé àtijọ́, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ọ̀wu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, kí ogun Ọ̀wu tó dé. Lónìí, alùpùpù ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ orí. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, òun ni ó ń gbé kòkó bọ̀ wálé, òun kan náà ni ó ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń bójú tó oko wa. Ní ọdún tí ó kọjá, ó sọ fún mi lórí fóònù pé táyà ẹ̀yìn alùpùpù òun ti jẹ tán. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ ṣe bí ẹ̀gbọ́n. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Mo lọ sọ́jà, mo ra táyà tí ó wù mí jù: ó dúdú mirin-mirin, ojú rẹ̀ tẹ́jú, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n fín sí i lára. Mo fi rán an sí i nínú mọ́tò. Ó pè mí, ó dúpẹ́, ó súre. Mo sun oorun ayọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní oṣù keje, lẹ́yìn òjò àárọ̀ kan, ó gbé ìyá wa sẹ́yìn lọ sóko. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo wí yẹn, ó tẹ bíréèkì díẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì yọ̀ sápá kan bí ẹni pé kò sí lórí ilẹ̀. Ìyá mi na ọwọ́ ọ̀tún láti gba ara rẹ̀ dúró. Ọrùn ọwọ́ náà ni ó kán.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti so táyà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó ilé ìwòsàn lọ. Mo gbé táyà náà lọ bá bàbá fọganáísà kan tí ó ti ń lẹ táyà ní àdúgbò wa láti ìgbà èwe mi. Ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọmọ mi, o kú ìnáwó. Táyà yìí dára. Ọ̀nà ni kò bá a mu.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ náà.”

Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Èkíní, eyín táyà. Orí ọ̀dà le, ó sì tẹ́jú, nítorí náà bí rọ́bà tí ó kan ilẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ṣe ń di ọ̀dà mú tó. Ìlà tín-ín-rín tó láti lé omi òjò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í ṣe omi. Amọ̀ yóò kún inú ìlà wọ̀nyẹn, yóò dì mọ́ ọn, táyà yóò sì di ohun dídán bí abọ́ tí a fi epo pa. Táyà ẹlẹ́yìn-ín gígùn, tí àlàfo wà láàrin eyín rẹ̀, ni ó lè gún ẹrẹ̀, tí yóò sì máa ju ẹrẹ̀ náà nù bí ó ti ń yí.

Mo ní kí n ra ẹlẹ́yìn-ín gígùn lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi orí. Wọ́n bèèrè pé, “Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ mélòó ni àbúrò rẹ ń lọ sóko, mélòó ni ó ń gba ọ̀dà?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́ta ni ti oko, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń gba ọ̀dà lọ sí Àpòmù. Wọ́n ní eyín gígùn a máa tètè jẹ lórí ọ̀dà, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú dáadáa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Èyí tí ó yẹ wá ni táyà agbedeméjì: èyí tí eyín àárín rẹ̀ sún mọ́ra fún ọ̀dà, tí ti ẹ̀gbẹ́ sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹrẹ̀.

Èkejì, táyà iwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan nítorí òun ni ó ń tètè jẹ. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn lè gbà á padà. Bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ni.

Èkẹta, ìwé tí ó wà lára táyà. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí 3.00-17, ínǹṣì 3 ni fífẹ̀ rẹ̀, ríìmù ínǹṣì 17 ni ó sì wà fún. Nọ́ḿbà tí ó tẹ̀ lé e ni ti ẹrù: 50 túmọ̀ sí kìlógíráàmù 190 lórí táyà kan ṣoṣo. Àpò kòkó kan ju kìlógíráàmù 60 lọ, ẹ wá fi ẹni méjì àti alùpùpù fúnra rẹ̀ kún un. Ẹ tún wo nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2321 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021. Rọ́bà a máa gbó lórí igbá bí kò tilẹ̀ rìn. Ọfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni ó ń sọ ìhà tí ó yẹ kí ó máa yí sí.

Ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà òjò kí táyà lè tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Díẹ̀ kò burú bí ẹnì kan bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, táyà rírọ̀ yóò máa pọ́n túùbù mọ́ ríìmù, túùbù yóò sì ya. Iye tí ìwé alùpùpù kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì fi géèjì wọ̀n ọ́n. Kí ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Norway, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, pátákó gígùn tí wọ́n ń pè ní ski ni wọ́n fi ń rìn. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́ yóò mú èyí tí ó tín-ín-rín, tí ó sì fúyẹ́. Ẹni tí yóò gba inú igbó àti orí òkè yóò mú èyí tí ó fẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n fi irin ṣe etí rẹ̀, kí ó lè gé yìnyín líle mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Irin náà ń fi ìwúwo kún un, kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà títẹ́. Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú eré yìí ní ìdíje Olympics ti Beijing ní ọdún 2022. Yálà yìnyín ni o, yálà amọ̀ Ìkirè ni o, ọ̀nà ni ó ń yan ohun ìrìn.

A ra táyà agbedeméjì méjì, a so iwájú, a so ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ni ó yàn án, èmi kàn sanwó ni. Síbẹ̀ ìyá mi kò gùn ún. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ sóko. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, àbúrò mi ní kí ó dúró lókè kí ó máa wo òun. Ó gun alùpùpù sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan, ó gùn ún padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, “Ó dára. N ó máa gùn ún, ṣùgbọ́n níbí yìí, n ó máa sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.” Bí wọ́n ti ń ṣe é títí di òní nìyẹn, akoto sì ń wà lórí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nígboro, tí ẹ ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò bù sí i. Kí ẹ tó rà á, ẹ bi ẹni tí yóò lò ó léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ̀bùn kò bá bá yín mu, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ìtìjú àbúrò mi àti àìbéèrè tèmi ni wọ́n jọ gbé ìyá wa ṣubú.