Ẹ Bá Wa Ṣí Ìwé Orúkọ Àwọn Baba Ńlá Wa

Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin aláṣẹ wa ní Àbújá àti ní Alausa, ẹ̀yin tí àkọsílẹ̀ ìlú wà ní ìkáwọ́ yín,

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, iná mànàmáná àti owó oúnjẹ ló wà lẹ́nu ará ìlú lójoojúmọ́, mi ò sì ní kí ẹ pa ìyẹn tì nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò lè dúró títí ìyẹn á fi yanjú, torí pé ìwé ni, ikán kì í sì í dúró de ìjọba. Ìwé tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bí wa sí láàárín ọdún 1800 sí 1900: ìwé ìbí, ìwé òkú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, ìwé ilé ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya gbogbo wọn ní fọ́tò, kí ẹ ṣí wọn fún ọmọ ìlú, kí ẹ sì ṣe é nísinsìnyí tí àwọn àgbà tó lè tú ohun tó wà nínú wọn ṣì wà láyé.

Ọmọ Sàró ni mí níhà bàbá. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé kò ju èyí lọ: ogun kó bàbá ńlá wa, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó gbé Freetown, ó padà sí Èkó kí Èkó tó bọ́ sábẹ́ òyìnbó, ó sì kọ́lé sí Olówógbowó. Ìlú tí ogun ti kó o, a ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ òyìnbó tó gbà ní ìrìbọmi ni à ń jẹ́ títí dòní. Ẹ bi àwọn ìdílé tó ń jẹ́ Johnson, Cole, Williams tàbí Davies ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ wọn á sọ irú ìtàn kan náà fún yín, á sì já síbi kan náà.

Ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kò já. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ Esperança Felix tí wọ́n kó òun àti àwọn yòókù sí, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Ní oṣù Kejìlá 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ àlùfáà kan ní London, ó di Samuel Crowther. Ní 1846, ó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A mọ gbogbo èyí torí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì CMS sì pa ìwé rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ojú wọn rí ohun tí ojú rẹ̀ rí kò kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ ní ayé wọn. Akọ̀wé ìjọba ló kọ tiwọn.

Ìwé tí akọ̀wé náà kọ ṣì wà ní Freetown, ní ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà ní Fourah Bay College. Bí wọ́n bá ti sọ èèyàn kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n á fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n á wọn bó ṣe ga tó ní ẹsẹ̀ bàtà àti íńṣì, wọ́n á sì kọ àmì tó wà lára rẹ̀, ì báà ṣe ilà ojú, ilà àyà tàbí àpá. British Library fi owó ṣèrànwọ́ láti ya àkọsílẹ̀ Freetown ní fọ́tò. Àwọn onímọ̀ kan sì ti kó orúkọ tó lé ní 91,000 jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú ìwé ilé ẹjọ́ Freetown àti ti Havana ní Kúbà. Ọmọ tó jókòó sí Muṣin lè fi fóònù rẹ̀ wò ó lóru òní láìsan kọ́bọ̀ ju owó dátà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ mi ti ṣẹ̀. Ẹni tó ń kọ orúkọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Bó ṣe dún sí i létí ló ṣe kọ ọ́. Adjai ni wọ́n ń kọ Àjàyí nínú ìwé àwọn òyìnbó ìgbà yẹn, ìyẹn sì ṣì rọrùn. Orúkọ mìíràn wà tí ẹ ó tẹjú mọ́ títí tí kò ní jọ nǹkan kan, àfi tí ẹ bá kà á sókè fún àgbàlagbà kan kó gbọ́ ọ, kó wá sọ fún yín pé orúkọ ìdílé ọlọ́dẹ ni, tàbí ti onífá, tàbí ti ìbejì. Ilà ojú tún le ju ìyẹn lọ. Akọ̀wé rí ilà, ó kọ ọ́ pé ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti tòsì, ó kọjá sórí ẹlòmíràn. Àgbà tó mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé, tó mọ gọ̀ǹbọ́, tó sì mọ àwọn tó ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè mú ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn kó fi tọ́ka sí ibi tí ẹni náà ti wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ní ká má ṣe kọ ilà fún ọmọ mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn tó mọ ilà kà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì mọ yunifásítì tó ń kọ́ni ní i. Òyìnbó tó fi owó ṣèrànwọ́ láti ya ìwé náà ní fọ́tò kò lè bá wa kà á. Àwa la ni ín, àwa la sì lè kà á, bí a bá yára.

Freetown kọ́ ni okùn ti ń já mọ́ wa lọ́wọ́ o. Èkó ni.

Oṣù Kẹjọ 1861 ni Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi di 1863, òfin ti wà pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ìjọba sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílẹ̀ níwèé. Ní 1866 wọ́n ka èèyàn Èkó, wọ́n sì rí 25,083. Ọ̀kan nínú 25,083 yẹn ni bàbá ńlá mi. Ìròyìn tí wọ́n tẹ iye yẹn sí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìbí àti ìwé òkú ló ń dárúkọ, ìwé ilẹ̀ ló ń sọ ilé tí èèyàn ń gbé àti ẹni tó bá a pààlà, ìwé ilé ẹjọ́ ló sì ń sọ ẹni tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ogún. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ìdílé rẹ̀ lọ sẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ láti ìwé òkú bàbá àgbà rẹ̀, á fi ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ wá ìwé ìbí, á rí orúkọ bàbá àti ìyá níbẹ̀, á tọ̀ wọ́n lọ sí ìwé ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí á fi kan ìwé ìrìbọmi ní Freetown, tí á sì kan ìwé àwọn tí wọ́n gbà lójú òkun. Bí ọ̀kan bá sọnù láàárín, ìyókù ò lè ríra.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì kan tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ṣe mí dáadáa. Ó ní kò sí àṣẹ pé kí òun gbé ìwé fún aráàlú, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó lè fún òun ní àṣẹ náà. Àánú mi ṣe é ló fi jẹ́ kí n wo ojú ìwé kan. Okùn ni wọ́n fi so ìwé náà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Wọ́n fa ìlà sí i ní òòró: ọjọ́ ìbí, orúkọ ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, iṣẹ́ bàbá, ẹni tó wá fi tó wọn létí. Níbi tó yẹ kí ẹni yẹn fọwọ́ sí, àgbélébùú kékeré kan ló wà, yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá kan tí kò mọ̀wé ló di kálámù òyìnbó mú, tó fa ìlà méjì yẹn, torí ó fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé òun bímọ. Nígbà tí a fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, ó ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ èkíní. A ò jẹ́ fipá ya á.

Ẹ wo bó ṣe rí níbòmíràn. Àìná, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ní 1848, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, fẹ́ J.P.L. Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton ní oṣù Kẹjọ 1862. Nínú ìwé ìgbéyàwó náà, “Ina” ló ṣáájú Sarah. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí pé wọ́n tọ́jú ìwé náà. Bí ọdún 100 bá ti pé ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣí ìwé ìkànìyàn. Oṣù Kìíní 2022 ni wọ́n ṣí ti 1921. Ó dùn mí pé ó rọrùn fún ọmọ Olówógbowó láti rí ẹbí rẹ̀ ní Brighton ju kó rí i ní Olówógbowó lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Pópó Àgùdà náà, àwọn tí baba ńlá wọn padà dé láti Brazil. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Musulumi ní Bahia ní Brazil ní oṣù Kìíní 1835, ọ̀pọ̀ gbéra padà sílé, ìjọba ibẹ̀ sì kọ orúkọ àwọn tó gba ìwé ìrìnnà. Ìwé yẹn ṣì wà ní ilé àkọsílẹ̀ Bahia. Brazil tún ni ibi tí mínísítà ìṣúná wọn, Rui Barbosa, ti pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 1890 pé kí wọ́n sun ìwé òwò ẹrú tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Títí di ọ̀la, àwọn ọmọ ẹrú níbẹ̀ ṣì ń kédàárò rẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n sun tiwa. Òjò ló ń wọ̀ ọ́.

Ẹ má bínú pé mo rán yín létí ohun tó ti kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n wú ibojì Ajele ní Èkó, níbi tí wọ́n sin Crowther àti ọ̀pọ̀ àgbà Sàró sí. Ní 2016, wọ́n wó Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Òkúta tó ní orúkọ lára lọ, ilé lọ. Ìwé ló kù.

Mo wá ń bẹ̀ yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan tó ní ìwé tó ti ju 100 ọdún lọ kọ orúkọ ìwé náà àti ọdún rẹ̀ jáde, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí òfin kan ṣoṣo sọ ọ́ kedere pé ìwé ìbí tó bá ti pé 100 ọdún àti ìwé òkú tó bá ti pé 50 ọdún di ti gbogbo ìlú, kí akọ̀wé kékeré lè ṣí i láìbẹ̀rù ọ̀gá. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 ti fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kí wọ́n sì dá wa lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí ó ràn dé orí ìwé àtijọ́. Kí ẹ kọ iye owó tí a ó san síta gbangba, kó má ju ohun tí tíṣà tàbí oníṣòwò kékeré lè san lọ.

Àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ̀ka kan ti National Archives wà, ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ yẹn síṣẹ́. Ẹ ra kámẹ́rà àti iná tó máa gbé e fún wọn. Ẹ bá ìjọba Sierra Leone àti ti Bahia sọ̀rọ̀ kí ẹ̀dà tiwọn wá sọ́dọ̀ wa, kí tiwa náà lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ bẹ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà, kí ìwé ìrìbọmi wọn wọ inú fọ́tò yìí, kí ìwé gan-an sì wà lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹnìkan bá ní èrè kí ni ìjọba máa rí níbẹ̀, ẹ wo iye ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìdílé ló sì ṣáájú. Níbi tí ìtàn méjì bá ti takora, tí kò sí ìwé tó máa là á, ọmọ ìyá kan náà lè wà ní kóòtù títí wọ́n á fi kú.

Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwé ìbí Erékùṣù Èkó nìkan, láti 1863 dé 1900. Bí fọ́tò rẹ̀ bá ti ń jáde, ẹ pe àwọn àgbà Olówógbowó, Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta, ẹ fún wọn ní ìjókòó àti omi, kí ọ̀dọ́ kan máa ka orúkọ sókè fún wọn, kí òmíràn máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Mo bẹ̀ yín, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.

Èmi ọmọ yín,
Ọmọ Sàró kan, Olówógbowó, Èkó