Ṣé Processor Ló Jẹ̀bi Lóòótọ́?

Ó ku díẹ̀ kí n fi owó tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ ra ohun tí kò ní wúlò fún mi. Kì í ṣe owó ọlọ́lá o. Látara físíìsì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní gbogbo Sátidé ni mo ti rí i. Processor kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi rà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ronú irú nǹkan báyìí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá mi n'Ìbàdàn ti dàgbà. Core i5-4590 ló wà nínú rẹ̀, processor ọdún 2014 tó ní core mẹ́rin. Ẹ ka core sí òṣìṣẹ́ inú processor. Graphics card rẹ̀ ni GTX 1060 ti ọdún 2016, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 8GB. Nírọ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi máa ń fi ṣeré GTA V. Tí a bá ti sùn, òun náà ló ń ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi gba oyè másítà.

Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Á dúró díẹ̀, á tún fò síwájú. Ìyẹn ṣì dùn díẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìṣirò òru tó máa ń parí kí wọ́n tó mú iná lọ kì í parí mọ́. Bí iná bá sì ti lọ láàárín, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àbúrò mi ti mọ ohun tó kàn. "Bọ̀dá mi, ẹ ra i7 jàre. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó ti bá wa wá èyí tó máa bá ojú ihò motherboard wa mu: i7-4790 tòkunbọ̀, ní Computer Village, Ìkẹjà. Mo ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́.

Èrò tèmi rèé: nínú kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, processor ló sábà máa ń jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì. Ẹ má ra òmíràn títí ẹ ó fi wọn nǹkan wò.

Ẹ wò ó, àwòrán géèmù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ méjì nínú. Processor á kọ́kọ́ ṣírò ibi tí mọ́tò wà, ibi tí èèyàn ń sá gbà, ohun tó fẹ́ ṣubú. Lẹ́yìn náà ni graphics card á wá kùn ún. Èyí tó bá yá nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró de èyí tó lọ́ra. Láti mọ ẹni tó lọ́ra, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú géèmù, láti 1920×1080 sí 1280×720. Iṣẹ́ graphics card á dín kù ju ìdajì lọ, ti processor kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí eré bá yá sí i, graphics card ló ń fà yín sẹ́yìn. Bí kò bá yí padà, ẹ̀gbẹ́ processor ni ẹ máa wò.

Tèmi ń fún wa ní nǹkan bí àwòrán 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo dín in kù, 40 náà ló ṣì wà. Àbúrò mi fò sókè: "Mo sọ fún yín!"

Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kàn sọ ibi tí ìdádúró wà ni, kò sọ ohun tó fà á. Mo wá ṣí ètò tó ń ka ìwọ̀n ooru. 97°C! Processor tó yẹ kó máa sáré láàárín 3.3 sí 3.7GHz ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 2GHz. Kì í ṣe pé ó ti darúgbó. Ooru ló mú un: tó bá ti gbóná jù, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná.

A tú kọ̀ǹpútà. Eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan ti di ojú irin tó ń gba ooru kúrò lára processor. Paste tó wà láàárín wọn ti gbẹ bí amọ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, a nù ún, a fi paste tuntun sí i. Ooru bọ́ sí 71°C, àwòrán di 54. Mo tún rí i pé RAM ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀. Mo ra 8GB DDR3 tòkunbọ̀ míì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀nà tí dátà ń gbà fi di méjì. Ó wá di 61, fífò yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣirò òru tó ń gba wákàtí mẹ́sàn-án ti padà sí mẹ́fà.

Ká ní mo ti ra i7 yẹn ńkọ́? Wáàtì 84 ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Abẹ́ eruku kan náà ni ǹ bá gbé e sí, á gbóná bíi ti èkíní, á sì fà bíi ti èkíní. Owó á ti lọ.

Àwọn kan á ní: "Ṣebí thread mẹ́jọ ni i7 ní." Òótọ́ ni, àmọ́ core mẹ́rin náà ni, ìkọ̀ọ̀kan kàn ń di iṣẹ́ méjì mú. Yàtọ̀ síyẹn, Gene Amdahl ti ṣàlàyé ní 1967 pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé pín. Níbi ìnáwó, èèyàn mẹ́wàá lè jọ bó iṣu, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ odó kan la ní, odó ló máa sọ ìgbà tí iyán máa délẹ̀. Ká ní àwòrán kan ń gba mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù 25, ìyẹn àwòrán 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní 15 nínú rẹ̀ kò ṣeé pín, 10 ṣeé pín. Bí ẹ bá sọ core di ìlọ́po méjì, 10 á di 5, àpapọ̀ á di 20. Àwòrán 50 lẹ máa rí, kì í ṣe 80. Kódà bí core bá pé ẹgbẹ̀rún, 15 yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò ní kọjá 67.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ processor o. Ẹni tó ń lo i3-4130 tó ní core méjì, tó rí i5 tòkunbọ̀ tó bá motherboard rẹ̀ mu, kó rà á. Ẹni tó wà lórí AM4 pẹ̀lú Ryzen 5 1600 ọdún 2017 lè bọ́ sórí Ryzen 5 5600 ọdún 2022, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard rẹ̀ bá ti gbé BIOS rẹ̀ jáde. Kó kàn rí i dájú pé iná ò ní lọ nígbà tó bá ń fi BIOS sí i, torí ìyẹn lè pa motherboard.

Tèmi yàtọ̀. i7-4790 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin ọ̀nà fún motherboard mi. Tí mo bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, mo máa pààrọ̀ motherboard àti RAM pẹ̀lú. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, i7 yẹn kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà. Owó tí mo bá ná síbẹ̀ kò ní gbé mi dé ibi kankan. Mo ti tọ́jú èyí tó kù títí màá fi lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò mi ṣì ń bèèrè ìgbà tí a máa ra i7. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń nà sí i.