Dick Tiger: Akànṣẹ́ tí ogun àti àìsàn jọ kọlù

Ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni Dick Tiger, Richard Ihetu sì ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn, ó dá sẹ̀ríà fún Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, débi pé nígbà tí abala keje parí, Fullmer kò jáde mọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, irú ìjà ìgbànú àgbáyé bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà.

Ogun abẹ́lé dé sí Nàìjíríà lọ́dún 1967. Tiger gbè sẹ́yìn Biafra tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ohun ìní rẹ̀ sì bógun lọ. Ó dá oyè ìdánilọ́lá MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n ń ti Nàìjíríà lẹ́yìn. Àárín wàhálà yìí ló ṣì ti ń jà kó lè bọ́ ìdílé rẹ̀. Ní 1968, Bob Foster gbá a lulẹ̀ ní abala kẹrin, ó sì gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti New York. Akọni tó gba ìgbànú àgbáyé ní ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá di ẹ̀ṣọ́ ní mùsíọ́mù! Ibẹ̀ ló wà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi mú un. Ó padà sílé, ó sì kú ní Aba ní oṣù Kejìlá 1971, lẹ́ni ọdún 42.

Ìjọba àpapọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣètò ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì fáwọn akànṣẹ́ wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.