Ọ̀rẹ́ Tí Ń Júwe Ìwé

Ìwé ìtàn àròsọ kò ṣòro láti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ọ̀kan nínú ìwé Fágúnwà tán, kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyókù kiri, nítorí orúkọ òǹkọ̀wé náà ti di amọ̀nà fún un. Ìwé tí kì í ṣe àròsọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àní Fágúnwà tìkára rẹ̀ kọ Ìrìnàjò, tí ó fi ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ó fẹ́ràn Àkàrà-oògùn ni ó gbọ́ nípa ìwé náà rí? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa wà lórí pẹpẹ títí eruku yóò fi bò ó, àfi bí ẹni tí ó ti kà á bá la ẹnu sọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ìhà gúúsù Èkìtì. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lè máa kọjá níwájú ààfin Ògògà lójoojúmọ́, títí yóò fi jáde ilé-ìwé gíga, kí ó má mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ààfin náà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, ni ó gbẹ́ ẹ láàárín 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́. Ó sì gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí a ń pè ní Ambrose, bí àwọn aláàárù ti gbé e rù. Ní 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, a sì fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Roslyn Walker, obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé kan nípa Ọlọ́wẹ̀ ní 1998. Òkèèrè ni a ti tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe ìwé ìdánwò. Ta ni yóò sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé ó wà? Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ó rí i lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan ni. Bí ìyẹn bá dákẹ́, àjèjì ni yóò máa mọ ilé ọmọ náà jù ú lọ.

Àwọn olùkọ́ kan a máa wí pé afọ́jú kò lè fi ọ̀nà han afọ́jú, pé kí àgbà máa yan ìwé fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ẹlòmíràn yóò ní, “Ìwé yìí dùn púpọ̀,” kò sì ní lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ń yin ìwé tí kò kà kọjá ojú ewé kẹwàá. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí ó yẹ láti gbọ́ tirẹ̀ ni ẹni tí ó lè sọ ohun tí ìwé kọ́ ọ, tí ó sì lè sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Bí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ti rí nìyẹn. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Àkọsílẹ̀ náà sọnù lọ́nà ibi tí a ó ti tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí í ṣe oníṣègùn, tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, lẹ́yìn ogún ọdún tí Samuel ti kú. Ìwé ńlá ni, ó sì nípọn tó láti dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹni tí ó kàn ń yìn ín yóò dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì tí ó fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, yóò sì wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: “Bí o bá kà á dé ibi ogun Kírìjì, wá ìwé tí Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, kọ nípa Èkìtìparapọ̀ ní 1971, kí o gbọ́ ti ìhà kejì.” Kò sí pátákó ilé ìtàwé tí í sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ó sì dára kí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ fẹ́ràn yàtọ̀ síra. Ẹni tí ń ka ìwé nípa òkúta ni yóò rán ẹni tí ń ka ìtàn ọba létí pé Olósùnta ti wà ní Ìkẹ́rẹ́ kí ọba kankan tó jẹ níbẹ̀.

Ohun tí ó sábà máa ń pa ẹnu àwọn tí ń júwe ìwé mọ́ ni àyálò tí kì í padà. Ẹni tí ó ti pàdánù ìwé méjì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ní ẹ̀kẹta, a kò sì lè bá a wí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ yá ìwé, àti ọjọ́ tí yóò dá a padà, sínú ìwé kékeré kan, kí ó tó fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.